Káàdì Pupa tí Wọ́n So Mọ́ Ẹ̀rọ Amúlégbóná Wa

Lesia ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Toronto níbẹ̀? Ṣé òtútù ò fìyà jẹ ọ́? Bí o bá ń béèrè wa, a wà láàyè, mo sì fẹ́ kí o ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọlọ́run tó ń pa àlìkámà mọ́ lábẹ́ yìnyín títí ilẹ̀ fi ń rọ̀ yóò pa ìwọ náà mọ́ láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ. Àmín.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Kùkúńbà oníyọ̀ rẹ̀ tún gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ àgbẹ̀ lọ́dún yìí, wọ́n so káàdì pupa mọ́ ọn bí ìṣe wọn, ó sì ti fi kọ́ ògiri ilé ìdáná pẹ̀lú mẹ́jọ yòókù. Ajá wa ti ń di adití, èmi àti òun wá di adití méjì nínú ilé.

Òtútù ọdún yìí ò ní ojú àánú, mo bá lọ wo àjà ilẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà. O rántí páìpù ńlá tó ti ìta wọlé, tí wọ́n ki ẹnu rẹ̀ bọ inú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wò ó, mi ò rí ìdí rẹ̀. Ta ní ń lu ihò sára ilé nígbà òtútù? Èmi rò pé garawa yẹn wà láti gbe òtútù tó bá jò wọlé, bí a ṣe ń gbé igbá sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Garawa ò kún rí, mi ò sì dà á nù rí, síbẹ̀ òtútù ń wọlé. Mo bá mú kóòtù búlúù tí o máa ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, mo fi dí ẹnu páìpù náà pinpin. Ìyá rẹ sì ti lẹ ọ̀rá mọ́ gbogbo fèrèsé. Lesia, ilé wa móoru bí abẹ́ àgbébọ̀ tó sàba.

Iná inú ẹ̀rọ náà pàápàá yí padà. Tẹ́lẹ̀, búlúù ni, kékeré, bí ẹni tí ojú ń tì. Báyìí ó ga, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi bọ́tà, ó ń jó. Mo pe ìyá rẹ kó wá wò ó, mo ní iná wa ti jẹun yó. Ó ní orí ń fọ́ òun, kí n jẹ́ kóun gòkè.

Orí fífọ́ yẹn ò lọ bọ̀rọ̀. Ó ń bì, ó ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orí á fi í sílẹ̀, bó bá délé, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé bóyá èmi ni orí rẹ̀ ò fẹ́ rí. Ó ní ó ti pé ọdún mọ́kànlélógójì tí kò ti fẹ́ rí mi.

Ó wá kan ẹ̀rọ funfun kékeré tí o fi ránṣẹ́. Ìwé inú rẹ̀ wẹ́ bí ẹyin èèrà, mi ò rí i kà, mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó bẹ̀rẹ̀ sí ké, ẹ̀ẹ̀mẹrin, á dákẹ́, á tún ké ẹ̀ẹ̀mẹrin. Inú mi dùn, mo ní Lesia ń pè. Mo gbé e sétí, mo ní haló, haló, bàbá rẹ ni. O ò dáhùn. Mo bá gbé e lọ sí ilé ọkọ̀ níta, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa jù. Nígbà tó ṣe, ó dákẹ́. Mo ní o ti já a nìyẹn, mo sì fi í síbẹ̀ kó lè gbọ́ ọ bí o bá tún pè.

Lọ́jọ́ kejì, Marnie wá, ọmọ Friesen tó ń ta irin oko, ẹni tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ amúlégbóná lọ́dọọdún. Nǹkan kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò. Kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tí nǹkan náà fi han gooro. Ó sáré ti gáàsì pa, ó so káàdì kan mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gòkè, ó fa ọ̀rá ojú fèrèsé tí ìyá rẹ fi ọjọ́ méjì lẹ̀ ya, ó ní kí gbogbo wa jáde kíá. Ìyá rẹ ò lè dìde lórí àga. Marnie fi èjìká gbé e lọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Èmi rò pé omi inú páìpù á di yìnyín, mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ohun tó ṣe. Ni mo bá rí i. Káàdì pupa ni.

Lesia, mo ṣí fìlà mi. Ẹ̀rọ ọdún mẹ́tàlélógún! Ipò kìíní! Mo ní ẹ̀rọ tó gba ẹ̀bùn ò yẹ kó tutù lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Mo ti di ọwọ́ gáàsì mú láti tún un ṣí nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Marnie, ọmọ tí kì í gbóhùn sókè, pariwo pé Bàbá Lesia, ẹ fi sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?

Inú ọkọ̀ ló ti là á yé mi. Ó ní páìpù yẹn kì í ṣe ihò, imú ẹ̀rọ ni, bí a bá fi kóòtù dí imú èèyàn, ṣé yóò mí? Ó ní iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó á máa tú èéfín kan tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, òun ló ń fọ́ ìyá rẹ lórí. Ó ní káàdì pupa tòun kì í ṣe ti ìpàtẹ, ó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ náà. Ó ní ká ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun wá, àlùfáà ni ì bá ṣílẹ̀kùn fóun. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò rí i rín. Orí ìyá rẹ wà léjìká mi, mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú di ọjọ́ kejì. Ó ti délé, orí ò fọ́ ọ mọ́, ó ti ń bú mi nítorí ọ̀rá fèrèsé. Marnie gbá inú ẹ̀rọ náà mọ́, ó pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀ tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ó yẹ ọ̀nà èéfín wò títí dé òrùlé, iná sì ti padà di búlúù, ojú tún ń tì í. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní káàdì náà. Ìyá rẹ ti fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn ti kùkúńbà. Ó ní èmi ni mo gba ipò kìíní láàárín àwọn òmùgọ̀.

Marnie ní ẹ̀rọ funfun rẹ kì í ṣe tẹlifóònù, ó ń ké láti kìlọ̀ pé èéfín yẹn wà nínú ilé ni; ó ti kúrò ní ilé ọkọ̀, ẹnu ọ̀nà yàrá wa ló wà. Marnie ní ó yẹ kí òmíràn wà nísàlẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn owó ilé, fi ránṣẹ́ ká fi rà á. Kóòtù rẹ ń bọ̀ nínú páálí pẹ̀lú ìgò kùkúńbà méjì. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́. Wọ̀ ọ́, má fi dí ihòkíhò.

O kọ ọ́ sí wa pé o ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pé o máa ń pè wá, o sì máa ń já a ká tó gbé e, kí o má baà yọ wá lẹ́nu. Mo ti ń rò ó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìwọ lò ń pè lóòótọ́, èmi ni mo gbé ohùn rẹ síta sínú òtútù. Má já a mọ́, ọmọ mi. Jẹ́ kó máa dún. Ajá nìkan ni adití tó kù nínú ilé yìí.

Ibi tí o bá sùn, ibẹ̀ ni wàá jí. Èémí ò ní wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Orest