Kì í Ṣe Bàbá Ló Kọ Èjìká Òsì Rẹ

Mouritala mi, òjò oṣù kẹfà ti bá ọ nínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Lójú ẹbí, Bàbá Rafiatou ni mò ń pè ọ́, bí obìnrin ilé rere ṣe ń pe ọkọ rẹ̀. Lónìí, jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ gan-an bí mo ṣe ń pè é nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà. Mouritala! Mouritala! Ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi.

Rafiatou ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti wọ ilé ìwé, ó ń ka Faransé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ, síbẹ̀ kì í pa ẹnu dé tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè bóyá o ga. Mo ní orí rẹ máa ń kan àtérígbà ilẹ̀kùn. Irọ́ ni, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rí ọ nìyẹn.

Yàrá méjì tí o bẹ̀rẹ̀ ní Adjamé ti ní òrùlé. Ṣọ́ọ̀bù tí o fi ń tún rédíò ṣe ní Treichville kò tì. Marcel, ọ̀rẹ́ rẹ tó ti ṣe sójà rí kí ẹ tó jọ ń ṣiṣẹ́ ní Vridi, ló ń jókòó síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tó ń fi iṣẹ́ tí o kọ́ ọ tún rédíò àwọn ènìyàn ṣe. Èmi ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì ṣú bá wa, a dúpẹ́.

Gbogbo ìyẹn dára. Mo ti kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́dọọdún: ọmọ ń dàgbà, ilé ń parí, a kò gbàgbé rẹ. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo pa ohun kan mọ́. Ohun náà ni mo pa mọ́ fún ọ láti 1970 títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ lójú mi. Lọ́dún yìí màá kọ ọ́. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Jẹ́ kí n tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí yóò kà á tí wọn kò sí níbẹ̀.

Ìdílé ọdẹ ni ìdílé Bàbá mi, Alájì Àrìmíyàù, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni Bàbá ń tà nílẹ̀ àjò níhìn-ín, ní ọjà Adjamé, ṣùgbọ́n ìbọn wọn kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọbìnrin ilé wa gbọ́dọ̀ gbé ẹran ìgbẹ́ kan wá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa. Ẹran tí wọ́n rà lọ́jà kò wọlé. Òyà ni Bàbá ní kí o gbé wá. Wọ́n yá ọ ní ìbọn wọn, wọ́n ní, “Ọmọ yìí, bísímílà kí o tó fà á o.”

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ìwọ àti Marcel ń wọ igbó ọ̀nà Dabou. Háà, Mouritala mi! Òyà á dúró níwájú rẹ bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ìbọn á dún. Òyà á máa bá tirẹ̀ lọ. Oṣù márùn-ún! Àwọn ọmọ Adjamé kò jẹ́ kí o rìn. “Ẹ kú ilé o, ọdẹ tó ń yìnbọn kí ẹran!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Marcel ló rí ìdí rẹ̀. Ó ní kí o na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ihò kékeré kan, kí o wo igi ọ̀pẹ kan láti inú ihò náà. O di ojú ọ̀tún, ọ̀pẹ ṣì wà níbẹ̀. O di ojú òsì, ọ̀pẹ pòórá! Ó ní o pariwo bí ẹni rí iwin. Marcel ní, “Mon vieux, ọ̀rẹ́ mi, ojú òsì rẹ ni ọ̀gá. Èjìká ọ̀tún lo gbé ìbọn lé, ojú òsì ló ń júwe ọ̀nà fún un. Ṣé ọta kò ní ṣìnà ni?” Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọta rẹ fi ń gba apá òsì ẹran kọjá. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ojo, kì í ṣe pé ẹnìkan ló ṣe é sí ọ. Ó ní àwọn bíi tìrẹ pọ̀ nínú àwọn sójà, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà. Àwọn kan á gbé ìbọn lọ sí èjìká òsì. Àwọn kan á dúró sí ọ̀tún, wọ́n á máa di ojú òsì, tàbí kí wọ́n lẹ bébà mọ́ gíláàsì òsì tí wọ́n bá ń wọ awò ojú.

O gbé e lé èjìká òsì lọ́jọ́ náà gan-an. Agolo mílíìkì mẹ́rin ni Marcel tò sórí kùkùté, mẹ́ta ló ṣubú! O sáré wá bá mi, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ, ayọ̀ sì kún ojú rẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ rẹ̀wẹ̀sì. Òsì! Nínú ilé tí a kì í ti í fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ àgbà? O ní, “Ràmílátù, bá mi bi Bàbá. Tí wọ́n bá gbà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá gbé òyà dé. Tí wọn kò bá gbà, màá máa di ojú kan, kódà kí ojú náà fọ́.”

Mouritala, gbọ́ ohun tí Bàbá sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bi wọ́n, wọ́n ń fi ṣéènì sí kẹ̀kẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní, “Ìbọn ni àbí oúnjẹ? Ṣé òyà máa yẹ ọwọ́ wò kó tó kú ni? Sọ fún un kó gbé e lé èjìká tó bá wù ú. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ojú òsì, ṣé kó yọ ọ́ sọnù ni?”

Bàbá gbà! Bàbá gbà ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín! Mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gbé ẹyin, mo wọ mọ́tò, ó di Treichville.

Kí ni mo bá? Ìwọ rèé níwájú ṣọ́ọ̀bù, Mùsílímátù aránṣọ, ẹgbẹ́ mi, jókòó kọjú sí ọ, orúnkún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. O ṣẹ́ ojú òsì sí i. O là á. O tún ṣẹ́ ẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní, “Tún un ṣe! Tún un ṣe!”

Ìwọ mọ àwọn ìwé ìfẹ́ aláwòrán tí mò ń rà nígbà yẹn, àwọn roman-photo tí Bàbá ní kí n má kó wọlé. Nínú wọn, bí ọkùnrin bá ṣẹ́jú sí obìnrin ní ojú ewé kẹrin, tó bá fi máa di ìkarùn-ún, wọ́n ti dì mọ́ra wọn. N kò bèèrè nǹkan kan. Nínú ìwé ta ló ń bèèrè? Bí wọ́n bá ń bèèrè, ìtàn á parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo yípadà, mo ń sunkún láàárín àwọn ẹlẹ́ja.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ ní Faransé: “Adieu, monsieur. Mon cœur est mort.” Ó dàbọ̀, ọ̀gbẹ́ni, ọkàn mi ti kú. Inú ìwé ni mo ti dà á kọ, ọ̀rọ̀ tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. O kọ lẹ́tà mẹ́ta, mo dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà láì ṣí i. Oṣù méjì! O wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mo ní kí wọ́n sọ pé mo ti sùn, oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú sánmà.

Mùsílímátù fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, “Ìwọ Ràmílátù, ṣé orí ẹ pé? Mouritala ní kí n máa bá òun wò ó bóyá ojú òsì òun dí tán bí òun ṣe ń kọ́ àtidi ojú kan yìnbọn, nítorí tí ó bá dí, tọ̀tún náà á fẹ́ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tó ń ka orúkọ ẹ bíi tẹ̀sùbáà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àfẹ́sọ́nà tèmi wà ní Bouaké, ó sì rẹwà jù ú lọ!”

Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Mo sáré wá bá ọ. O ti gbẹ. O kò bínú. Ì bá sàn kí o bínú. Gbólóhùn kan péré lo sọ: “Ràmílátù, kí ni mo ṣe?”

Ìbéèrè kan péré. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: o kò ṣe nǹkan kan, òmùgọ̀ ni mí, mo rí ojú tó ṣẹ́, mo sì jowú. Ṣùgbọ́n ìtìjú dí mi lọ́nà. Mo ní, “Bàbá ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi òsì yìnbọn kò ní fẹ́ ọmọ àwọn. Wọ́n ní n má rí ọ mọ́.”

Ó ti ẹnu mi jáde geerege. Bàbá tó fẹ́ ya olólùfẹ́ méjì, ó dára bí ìwé! Mo tilẹ̀ sunkún sí i. O nu ojú mi nù. O nu ojú òpùrọ́ nù, Mouritala.

O ní, “Kò burú. Ọ̀tún ni wọ́n fẹ́, ọ̀tún ni wọ́n máa rí.”

Ọjọ́ kejì ni o dá ìbọn Bàbá padà, o yá ti Marcel. O lẹ bébà mọ́ gíláàsì òsì awò ojú tí o fi ń tún rédíò ṣe. O ń kọ́ ojú ọ̀tún ní iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe. Oṣù mẹ́rin! Èjìká rẹ wú, mo fi òrí pa á, mo sì dákẹ́. Òsì ìbá ti pa òyà náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí o gbé e dé ní 1971, o tẹ́ ẹ síwájú Bàbá. O kò wo ojú wọn. O ní, “Ọ̀tún ni mo fi pa á, Bàbá.” Wọ́n wò ọ́, wọ́n wò mí, kò yé wọn. Wọ́n kàn wọlé lọ, wọ́n gbé ìbọn wọn jáde nínú aṣọ funfun. Wọ́n ti rò pé torí pé ìdí rẹ̀ kò bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ mu lo ṣe dá a padà. Wọ́n ti gbé e lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ó ti fá igi ìdí rẹ̀ kó lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Wọ́n ní, “Gbà, ọmọ mi. Tìrẹ ni. Mo ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ fún òsì.”

O rò pé wọ́n ń fi ọ́ ṣẹ̀sín ni. Kí lo ì bá tún rò? O ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. N kò nílò rẹ̀.”

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ìbá tún un ṣe! Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa ife.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin méjì tí mo fẹ́ràn jù láyé di àjèjì síra wọn. Ọdún iléyá àti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Rafiatou nìkan lo ń wọ ilé wọn. O kì í jókòó pẹ́. Bàbá bi mí lẹ́ẹ̀kan, “Kí ni mo ṣe fún ọkọ rẹ?” Mo ní ìwà rẹ nìyẹn. Irọ́ kejì.

Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀, Bàbá wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, fìlà lọ́wọ́, bí ẹni wá tọrọ nǹkan. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, o sọ fún mi pẹ̀lú ohùn tí kò jáde dáadáa, “Wọ́n kò fẹ́ mi, síbẹ̀ wọ́n wá wò mí.”

Mo ní, “Sinmi.” Mo rò pé ó di ọ̀la, tí ara rẹ bá tutù. Ara rẹ tutù lóòótọ́, Mouritala. Kì í ṣe bí mo ṣe ní in lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, “O jẹ́ kí n máa bínú sí òkú. Ọmọ tí mo gbẹ́ ìbọn fún.” Láti ọjọ́ náà, mo kí wọn, wọ́n dáhùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà. Ó tọ́ sí mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Marcel rí wọn ní itẹ́ òkú. Àwọn nìkan ni. Ó ní wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń na ọwọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sún mọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá ọ sọ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n. N kò ní bèèrè. Mo ti wà láàárín yín pẹ́ jù.

Èmi kò ní ìdáríjì tí mo lè gbọ́ létí. Ìyẹn ni mo fi irọ́ mi rà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ, ọkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo ń purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo ń fi òrí pa èjìká tí mo fi ẹnu mi dá lóró. Àárò rẹ ń sọ mí lójoojúmọ́. Ọmọ rẹ ń bèèrè rẹ. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, Mouritala, Bàbá mi náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ.

Ràmílátù, ìyàwó rẹ
Adjamé, oṣù kẹfà, 1979