Èjí Yèyé Wa àti Fọ́tò Egungun Orí Dúpẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Fọlá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú òtútù òwúrọ̀ Iléṣà, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ìdúró de èmi tí mo máa ń ní mò ń bọ̀ tí n kì í bọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá Fọlá. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ojú mi. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Tèmi kò fúyẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Àwọn akọ̀wé tó ń jókòó sídìí tábìlì ní Tinúbú ìbá bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ní inú ń bí mi, wọ́n á kọ ọ́ pé mò ń kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọ́ ìwé, mo sì dúró nígbà tó wù mí. Èyí tí mo mọ̀ tó mi. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ síta, kí tíṣà tó ń ka ìwé ìròyìn fún yín lójúde lè kà á sókè, kí gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ pọ̀, kí àhesọ yẹn lè dúró.

Nítorí mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Awakọ̀ tó ń kó iṣu wá láti ọ̀dọ̀ yín ló sọ fún mi. Ó ní wọ́n ní mo gbé ọmọ ọmọ mi fún àwọn dókítà l'Ékòó, wọ́n sì ti rí agbárí rẹ̀ lójú ààyè. Ó ní Bàbá tó wà ní ilé ẹ̀yìn sọ pé òun kò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n máa wo agbárí ẹni tó ṣì ń jẹun. Gbogbo wọn ló sọ tiwọn. Ó ní ẹ̀yin nìkan lẹ kò sọ nǹkan kan, ẹ kàn dìde, ẹ wọlé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Bí ẹ bá bú mi ni, ǹ bá mọ bí n ó ti dá yín lóhùn.

Ó dáa. Bó ṣe jẹ́ nìyí.

Dúpẹ́, ọmọ Tọ́lá ọmọ mi, ti ń di ọmọge. Ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bá ọkọ lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ẹ rántí Kérésì tí a wá sílé tí eyín rẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí èjí náà. Ẹ pariwo, ẹ ní ẹ gbà mí o, Yèyé wa ló ń rẹ́rìn-ín yìí! Látìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń pè é ní Yèyé Kékeré.

Yèyé tó bí wa kò ya fọ́tò rí. Ta ni ìbá yà á fún un nígbà náà? Mo kéré nígbà tó kú. Kò sí ohun tí mo rántí ju pé mo dùbúlẹ̀ lórí itan rẹ̀, mo wòkè, mo sì rí èjí náà lókè mi bí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo ní nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, èjí náà sì wà lẹ́nu yín. Èmi kò ní in. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ilé Bàbá ni mo fi ojú jọ, wọ́n á sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàánú mi.

Ṣùgbọ́n eyín Dúpẹ́ kò dúró síbi tí ẹ ti rí i. Bí ó ti ń dàgbà ni eyín òkè ń yọ síta, tí ètè kò lè pàdé ara wọn mọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ètè á là, á máa sun ẹ̀jẹ̀. Ní ilé ìwé, Ehoro ni wọ́n ń pè é. Ó wá ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ọwọ́ sì sinmi. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo ní ẹni tí kò bá ní irú èjí yẹn, ẹ jẹ́ kó máa jowú.

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára búrẹ́dì rẹ̀ ni mo tó bi í léèrè. Ó la ẹnu fún mi. Eyín ìsàlẹ̀ kò rí eyín òkè bá pàdé, àjà ẹnu ló ń gún, ó sì ti gún un di egbò. Onílé wa, Ìyá Sàká, tí wọ́n bí sínú ilé yìí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, wà níbẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ṣé ẹ̀ ń dúró kí ọmọ yìí jẹ ara rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wo eyín ni? Ó ní bó jẹ́ bọ́tìnnì kan ló já bọ́ lórí àtẹ tí ẹ fi ń tajà, ẹ̀ bá ti dìde.

A lọ sí ilé ìwòsàn eyín. Dókítà àgbà kan ló kọ́kọ́ rí wa. Ó wo ẹnu ọmọ, kò pẹ́ tó bí ẹni wo àgbàdo lọ́jà, ó ní kí wọ́n yọ eyín iwájú méjèèjì, kí wọ́n fi àtọwọ́dá síbẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ká rí bó ṣe máa wù ú. Mo fa Dúpẹ́ lọ́wọ́, a ń sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan sáré tẹ̀ lé wa lórí àtẹ̀gùn, dókítà eyín ni òun náà, ọmọ Ẹ̀gbá, kò tíì pẹ́ tó ti ìlú òyìnbó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní ẹ má bínú, Mà, òun kì í fọwọ́ kan eyín tí òun kò bá tíì wọn egungun tó gbé e dúró.

Fọ́tò egungun tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n gbé ọmọ jókòó, wọ́n fi ọ̀pá kékeré méjì sí ihò etí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí orí má lè yí. Ẹ̀rọ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Dókítà ní ibi kan náà ló máa ń dúró sí fún olúkúlùkù, nítorí bó bá sún mọ́ ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ, orí kan á tóbi ju ibi tó yẹ lọ lórí fọ́tò, ìwọ̀n á sì di irọ́. Kò dun ọmọ. Wọn kò gé nǹkan kan. Kẹ́ ẹ tó pe Kristi, wọ́n ti yà á tán.

Nígbà tí wọ́n gbé e sí ojú iná kí n wò ó, mo fa Dúpẹ́ mọ́ra. Ọmọ tí mo fi ẹ̀kọ bọ́ láàárọ̀ ni mo ń wò yìí, ihò ojú, egungun imú, gbogbo eyín ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bísímílà ló jáde lẹ́nu èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ohun tí gbígbé láàárín àwọn Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sọ mí dà.

Dókítà fi bébà fẹ́lẹ́ lé e lórí, ó fi pẹ́ńsùlù tẹ̀ lé gbogbo etí egungun náà, láti iwájú orí dé ìdí imú, dé àgbọ̀n, ó sì fa ìlà ti awọ ojú sí ìta rẹ̀. Ó fi rúlà fa ìlà láti ibì kan sí ibòmíràn, ó sì mú ike kan bí òṣùpá àbọ̀ wọn igun wọn. Mo ní kí ló ń wá gan-an. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀: ṣé egungun òkè ló yọ síwájú ni, àbí ti ìsàlẹ̀ ló fà sẹ́yìn, àbí eyín nìkan ló tẹ̀ síta. Ó ní ìwé tí òun fi kọ́ ọ, orí ọmọ òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹnu tiwa sì máa ń wá síwájú díẹ̀ bó ti yẹ kó rí, òun kò ní fi aṣọ tí wọ́n rán fún wọn wọ ọmọ wa. Mo fẹ́ràn ìyẹn. N kò sọ fún un.

Ó ní egungun òkè kò ṣe nǹkan kan. Ti ìsàlẹ̀ ló kúrú díẹ̀, eyín òkè ló sì tẹ̀ síta. Kò sí ohun tó kan pé à ń yọ eyín iwájú. Òun á fi wáyà tẹ̀ wọ́n padà, ara ọmọ tó ṣì ń dàgbà á sì ran ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní àyè tí òun á fi rí wọn tẹ̀ padà, èjí yẹn ni. Èjí á pàdé. Bí a bá fẹ́ kí èjí wà níbẹ̀, àfi kí òun yọ eyín ẹ̀gbẹ́ méjì tó dára kí àyè lè wà.

Mo ní kó yọ wọ́n. Mi ò tilẹ̀ wo ojú ọmọ. Ó ní eyín tí kò ṣẹ̀ ni. Mo ní nínú gbogbo ìlà tó fà yẹn, èjí dà? Kò sí níbẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ni fọ́tò ti rí i, eyín ọ̀tún àti tòsì bo ara wọn, èjí kì í hàn. Mo ní ó dáa, ohun tí kò hàn sí ẹ lo fẹ́ dí. Ó ní òun máa ń rí i, Mà, bí Dúpẹ́ bá gbàgbé láti bo ẹnu.

A lọ sílé. Mo ní mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Òjò dé, omi kún ojú ọ̀nà, àtẹ òwú àti bọ́tìnnì mi ní ọ̀nà Ìgà kò rí ẹni dúró sí i. Mo jókòó sábẹ́ agbòjò, ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ níbí. Bí mo bá pe Yèyé, ta ló mọ̀ ọ́n l'Ékòó?

Dúpẹ́ kò bẹ̀ mí. Ẹ̀jẹ̀ wa ni, kì í bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ kan ló ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu jẹ̀bà, tí omi ń dà lójú rẹ̀, mo ní kó rọra, pé nítorí Yèyé ni. Ó ní Màmá, òun kò bá Yèyé jà, ṣùgbọ́n Yèyé ti jẹun tirẹ̀ tán. Ó ní òun ni ebi ń pa. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró lókè. Mo dìde, mo lọ jókòó sójúde.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú un padà. Mo ní kí dókítà ya èmi náà, bí nǹkan burúkú bá wà nínú rẹ̀ kó jẹ́ pé orí àwa méjèèjì ló jọ wà. Ìyá Sàká tẹ̀ lé wa, ó ní inú òun dùn, pé wọ́n á rí ibi tí agídí yìí so mọ́ nínú egungun. Wọ́n fi ọ̀pá sí mi létí. Dókítà ya tèmi sórí bébà, ó gbé e lé ti Dúpẹ́ lórí níwájú iná. Ó tún un gbé. Láti iwájú orí, sí ìdí imú, dé ibi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti tẹ̀, ìlà kan ni, bí ẹni tẹ pẹ́ńsùlù lẹ́ẹ̀mejì. Eyín nìkan ni kò dọ́gba, tèmi kò sì kù púpọ̀. Mo bi í pé ta ni èyí wá jẹ́, Yèyé ni àbí Bàbá? Ó ní òun kì í ṣe wòlíì, pé ohun tó wà lórí bébà nìkan lòun rí.

Mo ní kó dí èjí náà. Mo ní kó má yọ nǹkan kan lára ọmọ.

Wáyà ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Mo ń wo èjí bó ti ń tín-ín-rín. Eyín ìsàlẹ̀ kò gún àjà ẹnu mọ́, ó jẹ ẹran lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mò ń rán an wá sílé fún Kérésì, ohun tí mo sì ń bẹ̀ yín nìyí, èmi tí n kì í bẹ̀bẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má pariwo mọ́ ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n má ní mo bà á jẹ́. Bó bá rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín.

Awakọ̀ iṣu á mú bébà tí dókítà fi ya orí èmi àti Dúpẹ́ léra wọn wá, mo fi sáàárín páálí kí ó má ká. Ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ jókòó kí ẹ̀gbẹ́ ojú yín kọ sí i, kí Fọlá gbé àtùpà sún síwá sẹ́yìn títí òjìji orí yín lára ògiri á fi tó o. Ẹ̀yin ni gbogbo ayé ní ẹ jọ Yèyé. Ìlà ìta ni kí ẹ wò, níbi iwájú orí àti ìdí imú. Bí kò bá bá yín mu, ẹ má sọ fún mi. Bó bá bá yín mu, ẹ má tíì dìde, ẹ má wọlé lọ. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà lára ògiri yẹn, àti ẹni tí kò ya fọ́tò rí.

Ọlọ́run á dá orúnkún yín padà. Á jẹ́ kí n rí yín kí ojú àwa méjèèjì tó ṣú. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará oko, ẹ kí Bàbá ilé ẹ̀yìn pé mo gbọ́ o, agbárí mi náà ṣì wà lọ́rùn mi.

Èmi ni àbúrò tí ẹ pọ̀n, ọmọ yín,
Ìyá Tọ́lá, ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.