Àṣìṣe Mi Nínú Orin Rẹ

Àtàndá àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó rẹ. Àlàáfíà la wà ní Kétu. Ẹsẹ̀ tó ń dun Mummy ti ń rọlẹ̀.

A rí ìwé orin rẹ gbà. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara Háńdẹ̀lì, olórin òyìnbó nì, lo ti kọ́gbọ́n. Daddy náà kọ́gbọ́n lára ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ orin wọn. Orúkọ Daddy wá dà? Nígbà tí àìsàn tó pa wọ́n dé, èmi ni mo bá wọn da orin tí o pè ní tìrẹ yìí kọ, mo sì ṣi nóòtì kan kọ ní ìlà kẹta. Àṣìṣe mi ló wà nínú tìrẹ yẹn.

Mummy ò lè ka sólfà, wọn ò tíì mọ̀ pé orin Daddy ni, wọ́n kàn ń fi ìwé náà yangàn káàkiri Ìkòsì ni.

Olúwa á pa yín mọ́. Jọ̀ọ́, fi orúkọ Daddy síbẹ̀ kí n tó kọ orin náà sétí Mummy.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Oyèṣọlá