Kẹ̀kẹ́ Ló Kí Mi

                                        Ojúlé Kẹta, Òpópónà Fágbénró,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Keje, 1997.

Tinú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó sá fi èmi àti ẹ̀fọn Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìbùkún ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti jáde, àbí ó ṣì ń fi ẹkún jí gbogbo àdúgbò? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo ní kí n béèrè gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi yìí, mi ò ní rántí kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Òjò ń rọ̀, omi ń wọlé, àwa náà ń gbọ́n ọn dà síta, ó tún ń padà wọlé. Ara Ìyá mi le. Ara Bàbá mi le ju bó ṣe yẹ lọ, wàá sì rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

O bi mí pé báwo ni ìmúra mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ wa ṣe ń lọ. Ó ń lọ, ọ̀rẹ́ mi. Ó lọ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má padà wá mọ́. Ohun tó sì fẹ́ gbé e lọ kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe obìnrin mìíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ṣọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ni. Má tíì rẹ́rìn-ín o, ó di ìgbà tí mo bá parí.

Ṣé o rántí kẹ̀kẹ́ tí Dayọ̀ mi ń gùn, èyí tó rà nínú ẹrù tòkúnbọ̀ ní Malu Road, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ọ̀kadà? Kẹ̀kẹ́ orí òkè ni wọ́n ń pè é. Àwọn òyìnbó tó ṣe é ń fi í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gidi, wọ́n ń fi í fo àpáta. Dayọ̀ ní tirẹ̀ ń fi í ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Wharf Road, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé. Ìwọ náà ti gbé ibí rí. Òkè wo ló wà níbí? Òkè tó ga jù lọ ní gbogbo àdúgbò wa ni ààtàn tó wà lẹ́yìn ọjà, kò sì sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ àfi ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú.

Ṣọ́ọ̀kì ti wà níwájú kẹ̀kẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ o, èyí kékeré tó ní rọ́bà nínú, tó máa ń rọra tẹ̀ díẹ̀ bí táyà bá já sí kòtò. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí Dayọ̀ bá rí kòtò, á dìde lórí ìjókòó, á tẹ orúnkún, kẹ̀kẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, á tún jókòó. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ nìyẹn láti ayé bàbá wọn. Àfi ìgbà tó lọ bá Fidelis, mẹkáníìkì wọn ní Malu Road, tí ìyẹn sọ fún un pé onírọ́bà yẹn, ti ọmọdé ni. Fidelis fa òmíràn yọ lábẹ́ tábìlì, ọ̀pá méjì gbọọrọ tó ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun, epo wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Oga, dis one no dey feel gallop at all." Pé kẹ̀kẹ́ tó bá wọ irú èyí kò ní mọ̀ pé kòtò wà láyé mọ́. Dayọ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá ní kó ra bàtà, á ní èyí tó wà lẹ́sẹ̀ òun ṣì dára, kò tiẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dè é mọ́ kẹ̀kẹ́.

Wá wo ìgbádùn, ọ̀rẹ́ mi. Bó bá ti ń wa kẹ̀kẹ́, iwájú rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀, bí alángbá tó ń mi orí. Agbára tó yẹ kó gbé e dé Wharf Road, ṣọ́ọ̀kì ti mu ún bí ẹni mu omi. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú ọ̀gá rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀gá á ti dé, á ti mu tíì tán, kí Dayọ̀ tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù tó rin gbindin fún òógùn. Kẹ̀kẹ́ náà tún wúwo sí i. Bó bá gbé e kọjá lórí pákó gọ́tà iwájú ilé wa, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bi í pé kí ló wá jèrè. Ó ní ọwọ́ kì í dun òun mọ́. Lóòótọ́, ọwọ́ kì í dùn ún mọ́. Itan ló ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní kí n jókòó sórí ọ̀pá àárín, bí a ti máa ń ṣe, kí òun gbé mi lọ kí ẹ̀gbọ́n òun. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ṣọ́ọ̀kì rọ̀ wálẹ̀ fìì, ó dúró síbẹ̀, kò dìde mọ́. Dayọ̀ wo ṣọ́ọ̀kì, ó wò mí, ó ní, "Láídé, ó jọ pé o ti sanra díẹ̀." Èmi! Èmi tí ìwọ fúnra rẹ máa ń pè ní igi ìgbálẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ fún. Mo ní ó ti yé mi, kí òun àti ṣọ́ọ̀kì máa lọ kí ẹ̀gbọ́n. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ìyẹn ò tíì dùn mí o. Èyí tó fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ṣì ń bọ̀.

Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì yìí ti dé, Dayọ̀ kì í dìde lórí ìjókòó mọ́. Kòtò ni o, òkúta ni o, ó ti jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ọba. Orúnkún rẹ̀ ti gba ìsinmi. Ibẹ̀ ni àìsàn náà ti wá ran ìkíni.

O mọ bí Bàbá mi ṣe máa ń jókòó síwájú ilé láàárọ̀, pẹ̀lú pákò lẹ́nu, tí wọ́n ń gba ìkíni lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá bí ẹni ń gba owó orí. Ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó kí wọn. Òfin ilé Fágbénró nìyẹn kí wọ́n tó bí èmi àti ìwọ. Tamuno, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ tó yá yàrá lẹ́yìn ilé wa, tó ń bá wọn tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island, kì í bá Bàbá sọ̀rọ̀ láìdọ̀bálẹ̀, ẹrẹ̀ ni o, eruku ni o. Dayọ̀ náà, tó máa ń gba iwájú ilé wa lọ síbi iṣẹ́, máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ báyìí, o sì mọ ohun tó ń mú un pẹ́, kò wá fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí ìsọ̀kalẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n wo ni olóye mi dá? Ó ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá fún bíréèkì iwájú, ṣọ́ọ̀kì á tẹ̀, orí kẹ̀kẹ́ á sì tẹ̀ ba. Bó ṣe dé iwájú Bàbá mi nìyẹn, ó fún bíréèkì, kẹ̀kẹ́ foríbalẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà!", ó tú bíréèkì sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ gbérí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá rò pé ó fẹ́ ṣubú ni. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi!" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ní pẹ̀lẹ́, àmọ́ wọn ò dìde. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Dayọ̀ rò pé Bàbá ń gbádùn rẹ̀ ni, ó fún bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ṣọ́ọ̀kì tuntun ni o, òun náà ń kí yín!" Bàbá tu pákò dànù. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìwọ náà mọ̀ pé bí Bàbá mi bá ń pariwo, kò séwu. Ìgbà tí wọ́n bá dákẹ́ ni kí èèyàn wá ibi sá sí.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pe èmi àti Ìyá mi. Wọ́n ní kí a ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí Dayọ̀ ní Ìkirè pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Ìyá mi ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Dayọ̀ ò kí mi. Kẹ̀kẹ́ ló kí mi. Bí kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ fẹ́ ọmọ mi, kí bàbá kẹ̀kẹ́ àti ìyá kẹ̀kẹ́ wá tọrọ rẹ̀." Ìyá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú Bàbá, wọ́n yáa fi ikọ́ bò ó. Bàbá ní Tamuno tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá mọ ohun tó yẹ. Wọ́n ní ẹni tí kò lè tẹ orúnkún nígbà tó ń wá ìyàwó, ṣé ìgbà tó bá gbé e délé tán ni yóò rántí pé òun ní orúnkún?

Tinú, mo dìde kúrò níwájú wọn. Mo wọ yàrá, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ̀rín ni mo fi ń ròyìn rẹ̀ fún ọ báyìí, àmọ́ ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ràn òmùgọ̀ yìí. Aṣọ tí mo máa wọ̀ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń pọn ọmọ, èmi ni wọ́n fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀pá méjì àti epo díẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Dayọ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ní ṣebí Bàbá ń sọ pẹ̀lẹ́ fún òun. Mo ní wọ́n ń sọ ọ́ lóòótọ́, bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí nǹkan ń ṣe. Mo ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà: ṣọ́ọ̀kì tó ń wá kiri nínú ẹrù tòkúnbọ̀, Ọlọ́run ti fi méjì sínú ṣòkòtò rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò gba epo, kò gba sípíríǹgì, kó lọ tẹ orúnkún méjèèjì yẹn níwájú Bàbá mi. Ó ní ó ti yé òun. Ó ní tó bá di àárọ̀ Sátidé, òun á sọ̀ kalẹ̀ kí òun tó dé pákó gọ́tà, òun á ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, òun á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí ló dé tí kò ní kúkú fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé. Ó ní rárá o, bí òun bá fẹsẹ̀ rìn wá, báwo ni Bàbá ṣe máa mọ̀ pé òun sọ̀ kalẹ̀? Akọ̀wé ni lóòótọ́.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, iwájú ilé wa di ẹrẹ̀. Bàbá wà lórí àga wọn, Tamuno ń bá wọn tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi wà lójú fèrèsé, mo ń gbàdúrà. Dayọ̀ yọ lórí kẹ̀kẹ́, ó wọ funfun báláú, ó jọ ọkọ ìyàwó. Bó ṣe kù díẹ̀ kó dé ibi pákó gọ́tà, ó fún bíréèkì iwájú kó lè sọ̀ kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tẹ̀, ó tẹ̀, ó tẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo gbọ́ "pọ̀!" Epo tú jáde, kò sì gbérí mọ́. Ìdí kẹ̀kẹ́ fò sókè, Dayọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, ó fo gọ́tà, ó sì balẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá mi, àyà nílẹ̀, àgbọ̀n nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì nínú ẹrẹ̀. Mi ò tíì rí ìdọ̀bálẹ̀ tó pé tó bẹ́ẹ̀ rí. Tamuno gan-an pàtẹ́wọ́.

Èmi ti rò pé ó ti bùṣe, pé Bàbá á gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo Dayọ̀ nílẹ̀, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n tún wo Dayọ̀. Wọ́n rọra ní, "Kẹ̀kẹ́ ló tún kí mi yẹn. Dìde, kí ìwọ náà wá kí mi."

Ó dìde. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, aṣọ funfun ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Kò sọ pé ara ń dun òun. Ó padà dé orí pákó, ó rìn bọ̀, ó tẹ orúnkún, ó tún fi àyà kan ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kan náà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo ń kí yín o." Èmi bú sẹ́kún lójú fèrèsé, mi ò tijú. Bàbá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, kí òun àti ilẹ̀ lè mọra dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ bà á lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Kí àwọn ará Ìkirè máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé o, òun ti kí mi tó."

Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ parí? Fidelis wo ṣọ́ọ̀kì tó bẹ́, ó mi orí, ó ní ohun tó fà á ni pé elépo ni, pé èyí aláfẹ́fẹ́ ń bọ̀ nínú kọntéénà, pé ìyẹn gan-an lọ̀gá. Mo rí i tí ojú Dayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Mo ní bó bá ra aláfẹ́fẹ́, kó fẹ́ Fidelis. Ó ti dá onírọ́bà àtijọ́ padà sáyè rẹ̀. Ó ti tún ń dìde lórí ìjókòó bó bá rí kòtò, ó sì tún ti ń dé Wharf Road ṣáájú ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin tí o sá lọ yẹn bá bi ọ́ pé ṣé ó yẹ kí ẹni tó kàn ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sí ńlá, sọ fún un pé ó yẹ dáadáa, bó bá ń gbé orí òkè, tí kò sì ní bàbá ìyàwó.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ àwáwí, gbé Ìbùkún pọ̀n kí o máa bọ̀. Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá wọn. Ìyá mi ń kí ọ, Tamuno ń kí ọ. Bàbá náà ń kí ọ, wọ́n ní ẹnu ara wọn ni wọ́n fi kí ọ o.

Èmi ni tìrẹ,
àfẹ́sọ́nà kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀rí,
Láídé.