Omi Tí A Yá Lójú Ọ̀nà Chepes

Láti Ọ́fíìsì Ààrẹ Àgbà Pátápátá,
Ẹgbẹ́ Gbogbo Awakọ̀ Akẹ́rù ti Òkè àti Aṣálẹ̀,
Córdoba.

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Don Celedonio Tejada,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó ga ju òkè oníyìnyín lọ ni mo fi kọ ìwé yìí sí yín. Mo lérò pé ara yín le koko bí irin ẹ̀yìn ọkọ̀, àti pé ẹni àpọ́nlé, Doña Ermelinda, aya yín, wà ní àlàáfíà. Èmi Ààrẹ Àgbà, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ní akọ̀wé tirẹ̀ lọ́tọ̀, fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ wa ti jókòó, ó ti dìde, ó sì ti tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yín, Mirta, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di awakọ̀ akẹ́rù.

Màmá, ẹ jókòó padà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ka ìwé yìí sí Bàbá létí, mo sì mọ̀ pé ibi tí mo ti dárúkọ yín lẹ ti sáré bọ́ aṣọ ìdáná. Kò sí Ààrẹ kankan. Èmi Exequiel ni. Ẹ má bínú, ẹ mọ̀ mí, mi ò lè wọlé láìfi ohùn ẹlòmíràn kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbé nǹkan díẹ̀díẹ̀? Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí ẹ máa mu tíì mate yín, àbí ọbẹ̀ elégédé ni Màmá ṣì ń fi há yín lẹ́nu láàárọ̀ lálẹ́? Àwa ti dé Córdoba. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Mirta wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Mo fẹ́ yára kọ ọ́ kí ó tó jáde, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí àbúrò yín, Tío Rufino, mú ẹni tó fẹ́ ra Sùúrù wá sí àgbàlá wa, ọkọ̀ yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú orí rẹ̀. Tío sọ pé ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, ilé adìyẹ ni. Nígbà tí Mirta, aránṣọ wa, ní òun ti gba ìwé àṣẹ, òun ni òun yóò máa wà á, Tío sọ pé ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọkọ̀ akẹ́rù, kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹ̀yin tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, ẹ kan apá àga lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ilé sì mọ̀ pé ẹ ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì ni, rárá nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì parí. Tío wá ní ó dáa, kí Mirta fi ẹrù tòmátì kan dán ara rẹ̀ wò. Bí tòmátì bá dé ọjà Córdoba ní pípé, kí Mirta máa wa ọkọ̀ lọ. Bí ó bá di ọbẹ̀ lójú ọ̀nà, kí olùrà máa fa Sùúrù lọ. Ìdí nìyẹn tí Mirta ò fi sùn mọ́jú ọjọ́ tí a gbéra, tí ó ń nu dígí ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ nù ún gbó.

Vallecito la ti kọ́kọ́ dúró, níbi tí ẹ̀yin awakọ̀ ti ń gbé omi kí Olóògbé Correa, obìnrin tí òùngbẹ pa ní aṣálẹ̀ yìí láyé àtijọ́. Ọ̀gbẹ́ni Toribio, tí ẹ ń pè ní Ọ̀pọ̀lọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ empanada lábẹ́ igi. Ó wo Mirta, ó wo ẹ̀yìn Mirta, ó yọjú wo inú ọkọ̀, ó ní, “Awakọ̀ dà?”

Mirta ní òun náà ni.

“Awakọ̀ ni mo ní, mi ò ní ọmọge.”

“Ọmọge náà ń kí yín, Don Toribio. Ó ní kí ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lẹ́yìn òun, ẹ ti dí òun lọ́nà.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ gbé ọkọ̀ ọ̀hún kúrò. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó béèrè yín, ó ní kí a kí yín, ó sì kìlọ̀ fún Mirta pé ìrìn àkọ́kọ́ kò dà bí ìrìn mìíràn, kí ó má ṣahun sí Olóògbé, nítorí ẹni tó bá ṣahun sí i, ọ̀nà náà á ṣahun sí olúwa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó wa sí wàhálà, Bàbá. Ẹ̀yin, ìgò omi kan lẹ máa ń gbé kalẹ̀, ẹ ó fun fèrè ọkọ̀, ẹ ó sì máa lọ. Mirta gbé gbogbo omi wa kalẹ̀. Ó gbé ìgò tí a fẹ́ mu, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá ẹ̀yìn àga, èyí tí ẹ máa ń pè ní omi Sùúrù, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ ọwọ́ pàápàá. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù.” Ó ní kí èmi tí mi ò gba nǹkan kan gbọ́ dákẹ́ ẹnu mi. Ó kúnlẹ̀, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò lè sọ pé ó ṣe àṣejù. Ẹni tó ní ohun kan ṣoṣo láti pàdánù, kì í mọ ìwọ̀n ọrẹ.

A tún gbéra. Mo ń sín Ọ̀pọ̀lọ́ jẹ fún un, bó ṣe ń wú ọ̀fun, bó ṣe ń fa ṣòkòtò sókè kó tó sọ̀rọ̀. Mirta rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí n má fi ẹ̀rín pa òun nídìí ọkọ̀. Ọ̀sán gangan ni, àkókò tí gbogbo ayé ti ti fèrèsé tí wọ́n ń sùn, ojú ọ̀nà ò ní ju alángbá lọ. Ẹ̀yin náà kì í rìn lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n tòmátì kì í sun oorun ọ̀sán. Ní ibi tí aṣálẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ ṣáájú Chepes, èéfín funfun yọ níwájú Sùúrù. Rọ́bà omi ti là.

Inú yín ì bá dùn sí ohun tí ọmọ yín ṣe. Kò sáré ṣí ìdérí rédíétọ̀ bí èmi ì bá ti ṣe kí n sì jóná. Ó dúró títí ẹ̀ńjìnnì fi tutù, ó ya apá ẹ̀wù rẹ̀, ó fi rọ́bà táyà àtijọ́ lé e, ó di ojú ibi tó là náà pa bí ẹni rán etí aṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ sọ fún Tío pé wọ́n mọ ara wọn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́yìn àga láti gbé kẹ́ẹ̀gì, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ́ sínú òfo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Oòrùn ń jó àpótí tòmátì lórí, a ti ń gbọ́ òórùn wọn.

Èmi ni mo rí i. Lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́bàá ọ̀nà, ojúbọ kékeré kan wà fún Olóògbé, kò ju ilé ajá lọ, ìgò omi sì yí i ká bí adìyẹ tó sàba. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, omi rèé.” A jọ rìn dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n Mirta ò lè na ọwọ́. Ó ní ohun tí wọ́n ti fún òkú, wọn kì í gbà á. Ó ní bí òun bá jí omi obìnrin tí òùngbẹ pa, tí ọmọ rẹ̀ ń mu ọyàn lára òkú rẹ̀, ojú wo ni òun yóò fi tún gba ọ̀nà yìí kọjá láéláé. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń sunkún, ó sì sọ sínú afẹ́fẹ́ pé, “Bàbá, ká ní ẹ wà níbí, kí lẹ ó wí?”

Bàbá mi, gbogbo ohùn ni mo ti sín jẹ rí. Mo sín àlùfáà, mo sín olùkọ́ tó lé mi kúrò nílé ìwé, mo sín ewúrẹ́ Tío títí ó fi dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, tiyín nìkan ni mi ò fọwọ́ kàn, kódà nígbà tí mo bá dá wà. Mi ò gbèrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ikọ́ yín ló kọ́kọ́ jáde, èyí tí ẹ máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni èmi tí mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀yin láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìwọ.

“Mirta. Òùngbẹ ló pa obìnrin yìí. Ta lo rò pé ó ń tọ́jú omi dè? Òkú kì í mu omi, ọmọ mi. Bu ú, sọ fún un pé o bu ú, kí o dá a padà ní ìlọ́po méjì. Kí o sì yé sunkún sítòsí ẹ̀ńjìnnì mi, iyọ̀ kì í ṣe é lóore.”

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà lára àwọn kan, ó ń ka orúkọ náà sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún kó tó dà á. Sùúrù mu omi yó. Ó wú ikọ́, ó gbéra. A rìn títí a fi rí ilé àkọ́kọ́ ní Chepes kí Mirta tó la ẹnu. Ó ní, “Exequiel, o ò gbọdọ̀ tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Nígbà tó yá, ó ní, “Àyàfi bí mo bá bẹ̀ ọ́.”

Ọlọ́jà tó gba ẹrù ní Córdoba ti inú àpótí ìsàlẹ̀ pátápátá mú tòmátì kan, ó gé e jẹ, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lágbọ̀n. Kò yìn ín, kò bú u, ó kàn ní kí wọ́n máa já a sílẹ̀. Mirta pe Tío lórí fóònù. Tío ní kí ó má gbàgbé láti wo ọ́ìlì kó tó padà. Ẹ mọ̀ wọ́n, àdúrà wọn nìyẹn.

Ìyẹ̀fun la ó kó bọ̀. Omi la ó sì kọ́kọ́ rà ṣáájú ohunkóhun, ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí a bù, Mirta ti kọ àwọn orúkọ náà sórí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: mo fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. Ọmọ yín wakọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì gbà pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ṣé ohun tí ẹ̀ bá wí nìyẹn? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ kan apá àga lẹ́ẹ̀kan, kí Màmá gbọ́. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí Màmá má sọ fún Mirta, kí n gbé e nìkan.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú ẹ̀yin méjèèjì. Kí ó tú ọwọ́ yín, kí ó tú ahọ́n yín, kí ẹ tún jókòó síwájú ọkọ̀ kí ẹ máa bú àwọn tó ń gun alùpùpù bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí a bá yín ní àlàáfíà lọ́jọ́ tí a bá dé.

Èmi ni ọmọ yín tí kì í ṣe Ààrẹ ohunkóhun,
Exequiel.

Àfikún: Mirta ti jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó sì ti ka gbogbo rẹ̀ lórí èjìká mi. Kò bínú. Ó ní kí n tún sọ ọ̀rọ̀ kan péré ní ohùn yín, kí òun gbọ́ kí òun tó sùn. Mo kọ̀ fún un. Omi tí a yá, a mọ bí a ó ṣe dá a padà. Ohùn yín ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà, Bàbá. Ó wà lọ́wọ́ mi, nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ tètè wá gbà á.