Àwọ̀ Ewé Tí Mo Fi Sórí Oko Bàbá Làmídì

Bàbá mi àtàtà,

Ọyẹ́ ti mú ní Ìlọrá, ètè mi ti là. Etí oko yín tí ẹ máa ń ro yíká kí iná má baà ráyè wọlé ti di igbó láti ọjọ́ tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Èmi ló yẹ kí n ro ó, fóònù ni mò ń tẹ̀.

Mo ṣe áàpù kan tó ń sọ ibi tí iná ti ń jó ìgbẹ́ fún àwọn àgbẹ̀. Sátẹ́láìtì ló ń wo ilẹ̀ láti òkè, ìjọba sì ń gbé ohun tó rí síta lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó lè má rí iná kékeré, pé wákàtí púpọ̀ lè kọjá kó tó tún wò wá. Mo kà á, Bàbá. Ojú fóònù ló kéré, ni mo bá yọ ọ́. Ibi tí kò bá ti rí nǹkan kan, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò síná.

Ẹ̀yin kọ́ ni mo jọ. Bí wọ́n bá bi yín bóyá iná wà, ẹ ó kọ́kọ́ gun ọ̀gán ẹ̀yìn abà, ẹ ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ẹ ó wò yíká. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ̀?

Bàbá Làmídì, ọ̀rẹ́ yín ní Akínmọ̀rìn, wo àwọ̀ ewé yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gun ọ̀kadà lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Fìdítì. Kó tó dé, ọgbà iṣu rẹ̀ ti jóná, títí kan èbù tó fẹ́ gbìn. Ó gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ó tún ṣàdúrà fún mi ní mọ́sálásí. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ṣe àmín.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá pa áàpù náà rẹ́, àwọn tó ń tipasẹ̀ rẹ̀ tètè sá fún iná ńkọ́? Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn yóò gbà á gbọ́ ju imú ara wọn lọ. Mi ò lè lọ síwájú, mi ò lè padà sẹ́yìn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, ó fọ́ nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí mo pa àwọ̀ ewé rẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kò tíì mọ̀, mo dá ìkìlọ̀ ìjọba padà, mo fi wákàtí tí sátẹ́láìtì wò wá kẹ́yìn sí i. Kò pẹ́ tí Bàbá Làmídì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó ti rí ọ̀rọ̀ tuntun náà. Ó fẹ́ mọ̀ láti ìgbà wo ni a kò ti mọ̀.

Ojúkojú ni mo fẹ́ ti dá a lóhùn. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Ọlọ́kadà ti ń fun fèrè níta, Akínmọ̀rìn ni mo ní kó gbé mi lọ. Ẹ fà mí lọ́wọ́ bí ẹ ti ń fà mí gun ọ̀gán nígbà yẹn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fi yín rẹ́rìn-ín, tí kò rẹ́rìn-ín mọ́.