Ìrìn Àǹtí Mi àti Ohùn Tí Mi Ò Lè Sín Jẹ

                                        Ilé ìgbẹ̀bí,
                                        Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
                                        Ọjọ́bọ̀, ìyálẹ̀ta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ọ̀gá rẹ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ irun ńkọ́, ṣé ó ti yé fi ìyàrun gbá ọ lórí? Màmá rẹ ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Bá mi kí àbúrò rẹ, kó o sọ fún un pé ajá tó ń gbó, tó lé e wọ ilé lọ́jọ́sí, kò tíì kú, òun ló ń kọ lẹ́tà yìí. Tó o bá ń bi mí, ara mi le, àmọ́ àyà mi ò balẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí mo sá fún ìwé ni mo jókòó ti bírò. Má fi àṣìkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bá pè ọ́, àmọ́ tó o bá gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, wàá ní, "Ayékòótọ́ tún ti dé pẹ̀lú àsínjẹ ẹ̀." Ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi lánàá, ọ̀rọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àǹtí mi aránṣọ, ni mò ń gbé. Wọ́n ti lóyún, ikùn sì ti yọ dáadáa. Àmọ́ oyún wọn àkọ́kọ́ bà jẹ́ nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ọjà, látìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé ìrìn ló gbé e lọ. Bí èyí ṣe dúró, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àga. Nígbà tí mo sìn wọ́n wá sí ilé ìgbẹ̀bí yìí, nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń rìn. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi kì í sinmi. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi ń ránṣọ, látàárọ̀ dalẹ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ ló ń rìn, ẹ̀yin jókòó," wọ́n ní. "Ìrìn kọ́ ló gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti yẹ̀ yín wò, kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má rìn. Ìtọ̀ ṣúgà tó bá màmá yín jà lè yọjú nínú oyún, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà tó bá dàgbà. Àwọn tó ń wádìí ẹ̀ ní ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá ń lo ara nínú oyún, ó jọ pé ó máa ń ṣe é láǹfààní lẹ́yìn ọ̀la: ọkàn ẹ̀, bó ṣe máa sanra sí, gbogbo ẹ̀. Mi ò ní búra fún yín o, ọmọ kì í mú ìwé ẹ̀rí wá látọ̀run. Àmọ́ ẹ máa rìn."

Ìwọ náà mọ màmá wa. O rántí bí ṣúgà ṣe gba ojú wọn kó tó gba ẹ̀mí wọn, tí wọ́n máa ń fọwọ́ tá ògiri kiri ilé. Bí a ṣe délé, àǹtí fa aṣọ bo ẹ̀rọ wọn. Wọ́n wá ní, "Mi ò fẹ́ kọ́mọ mi jogún yẹn. Àmọ́ ẹ̀rù ìrìn ń bà mí." Ọkọ wọn, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, fajú ro, ó ní, "Ó dáa, rìn. Ayékòótọ́ láá máa bá ẹ lọ. Ìwọ Ayékòótọ́, bí nǹkan kan bá ṣe ìyàwó mi lọ́nà, má wulẹ̀ padà wá sílé yìí." Kì í ṣe àwàdà o.

Ọ̀rẹ́ mi, látìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù òkúta. Iwájú ni mò ń rìn, tí mò ń fẹsẹ̀ gbá gbogbo nǹkan tó lè kọ àǹtí lẹ́sẹ̀ kúrò lọ́nà. Tí wọ́n bá dúró pé àwọn ò lọ mọ́, màá fi ohùn nọ́ọ̀sì bá wọn wí, màá fi ti ọkọ wọn hanrun, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàgbé ẹ̀rù, a ó tún sún síwájú. O mọ ẹnu mi, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Lọ́jọ́ kan mo fi ohùn àǹtí pe ọkọ wọn pé, "Ọkọ mi, ọmọ ti ń bọ̀ o!" Ó fi ẹrù àwọn oníbàárà sílẹ̀, ó sáré délé, ó bá wa níbi tí a ti ń jẹun. Ó ní a ò ní mú òun báyẹn mọ́ láyé.

Àfi lánàá. Oníbàárà kan ti dá wa dúró, oòrùn ti mú ká tó jáde. Bí a ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, àǹtí dúró, wọ́n di ikùn mú. Mo ṣebí wọ́n ń fi eré gbẹ̀san àwàdà mi ni. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ n kọ́ yín." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan ikùn wọn, ó le bíi pákó.

Mo pe ọkọ wọn. "Bùọ̀dá, ẹ máa bọ̀, inú ń run àǹtí!"

"Ayékòótọ́, kú iṣẹ́."

Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ń sunkún, "Èmi ni o, bàbá ọmọ mi, èmi ni."

Mo gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. "Ó tiẹ̀ ti ń mọ ẹkún ún sun bíi tiẹ̀!" Ló bá pa fóònù.

Káfíńtà ló gbé wa sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń kó àga, ó gbé wa wá síbí. Orí àǹtí wà lórí itan mi. Mo fẹ́ gbàdúrà, àmọ́ ohùn pásítọ̀ wa ló ń jáde lẹ́nu mi. Mi ò tíì bẹ̀rù ẹnu ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ní ilé ọmọ ló ń fún, ọ̀nà ò tíì ṣí. Wọ́n bi wọ́n pé omi wo ni wọ́n mu látàárọ̀, àǹtí ò rántí ìkankan. "Oòrùn àti òùngbẹ wà níbẹ̀. Ẹ máa sùn síbí ká lè mójú tó yín." Nọ́ọ̀sì fúnra wọn pe ọkọ àǹtí. Ó ní, "Áà, Ayékòótọ́, o ti wá di nọ́ọ̀sì!" Nọ́ọ̀sì wò mí. Ojú yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n fi wò ọ́.

Wọn ò bá a jiyàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ inú kan ikùn àǹtí, wọ́n gbé fóònù tì í. Kìtì-kìtì-kìtì-kìtì, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀ látọ̀nà jíjìn. Ohùn ọkọ àǹtí yí padà: "Mo ń bọ̀." Bàtà lẹ́sẹ̀ kan, sílípáàsì lẹ́sẹ̀ kejì ló wọ̀ dé. Mo ti ń dúró de ìgbájú, kò gbá mi. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yìí.

Látàárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti fi ẹnu mi ṣe ìró ọkàn ọmọ yẹn. Mi ò lè ṣe é.

Nọ́ọ̀sì ní fífún náà ti rọlẹ̀, wọ́n á tún yẹ̀ wọ́n wò lálẹ́. Wọ́n ní kí àǹtí rọra dìde, kí wọ́n rìn dé ojú fèrèsé, kí wọ́n padà. Àǹtí di irin bẹ́ẹ̀dì mú. "Mi ò rìn mọ́. Ó ti fẹ́ gba èyí náà." Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí, wọ́n kọ̀. Ọkọ wọn wá ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n sín ẹnì kan jẹ, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu, òfìfo. Ohun tó jáde ni, "Àǹtí, ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Wọ́n yíjú pa dà. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí. Wọ́n sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n sọ èkejì sílẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, wọ́n ti gbára lé èjìká ọkọ wọn, wọ́n ti dé ojú fèrèsé. Wọn ò tíì yíjú pa dà.

Bá mi kí gbogbo ilé. Tí fóònù rẹ bá dún, tó o gbọ́ ohùn mi, jọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín kó o tó gbọ́ mi tán.

                                        Èmi ni, èmi gan-an ni,
                                        ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
                                        Ayékòótọ́.